Ìrora ìbàdí tó sọ̀ dé ẹsẹ̀: kí ni físíò ń ṣe sí i?

Ìbéèrè

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 53 ni mí, léèsì ni mò ń tà ní Balógun, Ṣómólú ni mo ń gbé. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí ìbàdí ti ń ro mí. Ó gba ìdí ọ̀tún, ó sọ̀ sí ẹ̀yìn itan, ó wá dé ojúgun. Bí mo bá jókòó pẹ́, ẹsẹ̀ á máa ta mí, àtàǹpàkò á kú. Mo ti lo àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, mo ti gba abẹ́rẹ́ ìdí ní kẹ́míìsì kan, ó máa ń lọ, á tún padà. Nígbà tó yá dókítà ní kí n lọ ya àwòrán ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní MRI, wọ́n ní dísìkì kan ti yọ síta lẹ́yìn mi, wọ́n wá kọ̀wé fún mi lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò (physiotherapist). Ìgbà tí mo débẹ̀, wọ́n kàn ní kí n dakùn délẹ̀, kí n máa fọwọ́ ti àyà sókè, kí n sì máa rìn. Kò sí oògùn, kò sí abẹ́rẹ́. Ẹni tí a jọ ń tajà ní mo kàn ń náwó lásán ni, kí n lọ bá bàbá kan ní Muṣin tó ń fa ẹ̀yìn, tó ń to eegun. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé eré ìdárayá lè wo ohun tó ti dé ẹsẹ̀? Ṣé kí n fi ọjà sílẹ̀ ni? Orí àga ni mo ti ń kírun báyìí, mi ò lè forí kanlẹ̀, ó sì ń dùn mí lọ́kàn. Ọmọ mi ọkùnrin náà fẹsẹ̀ rọ́ níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Campos lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé kí n mú òun náà lọ?"
Alhaja, Ṣómólú

Ìdáhùn

Alhaja, ẹ kú ìfaradà. Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ta èèyàn kì í ṣe kékeré, pàápàá fún ẹni tó ń ti Ṣómólú lọ sí Balógun tó tún ń bọ̀ lójoojúmọ́. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, èsì mi rèé: ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn físíò yẹn. Dídakùn délẹ̀ àti rírìn tí wọ́n ní kí ẹ máa ṣe gan-an ni ìtọ́jú náà. Wọn ò fi dá yín dúró de oògùn kankan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹ̀yìn yín.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè díẹ̀, torí àwọn ló lè sọ pé kí ẹ má tilẹ̀ dúró de físíò. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ṣé ẹ ṣì ń mọ̀ ọ́n? Ṣé ó ń jáde dáadáa, ṣé kì í jò sára yín? Ìgbẹ́ ńkọ́? Bí ẹ bá ń ṣe àlùwàlá tàbí tí ẹ ń fọ abẹ́, ṣé ẹ ń mọ̀ pé ọwọ́ kan ara yín níbẹ̀ àti láàárín itan, àbí ibẹ̀ ti kú? Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá ti yí padà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kódà kó jẹ́ òru. Ìgbóbì kò jìnnà sí yín, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà. Iṣan (nerve) tó ń darí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ló há nígbà yẹn, tó bá sì pẹ́ jù kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, ó lè má padà bọ̀ sípò mọ́. Bákan náà ni bí iwájú ẹsẹ̀ bá ń wọ́lẹ̀ tí ẹ bá ń rìn, tí sílípáàsì ń bọ́ lẹ́sẹ̀ yín láìmọ̀, tí ẹ kò sì lè fi gìgísẹ̀ rìn. Ibà tó bá ẹ̀yìn dídùn rìn, ara tó ń rù láìnídìí, ìrora tó ń jí èèyàn lóru tí kò sí bó ṣe lè sùn tó máa rọ̀, ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ rí, ẹ̀yìn tó dun èèyàn lẹ́yìn tó ṣubú láti òkè: dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí gbogbo wọn. Ikọ́ fée (TB) pàápàá máa ń wọ eegun ẹ̀yìn, eré ìdárayá kò sì lè wo ìyẹn. Mi ò rí ìkankan nínú wọn nínú lẹ́tà yín, dókítà sì ti yẹ̀ yín wò. Ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì ni dísìkì wà. Inú rẹ̀ rọ̀, ó lómi. Etí rẹ̀ yi, ó sì lágbára. Bí a bá tẹ̀ síwájú, iwájú dísìkì á fún pọ̀, ohun rírọ̀ tó wà láàárín á máa ti ọwọ́ ẹ̀yìn. Bó bá ti pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀, tí etí náà sì ti ń gbó, á wú síta, nígbà mìíràn á ya. Ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an ni àwọn gbòǹgbò iṣan ti ń jáde tí wọ́n para pọ̀ di iṣan tó tóbi jù lọ nínú ara èèyàn. Ó gba inú ìdí kọjá, ó gba ẹ̀yìn itan, ó pín sí méjì nítòsí orúnkún, ó sì lọ títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àtàǹpàkò yín fi ń kú nígbà tó jẹ́ pé ìbàdí ni àìsàn wà. Àtàǹpàkò náà kò ṣe nǹkan kan. Ẹ lè fi òrí ra á láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò níí gbọ́.

Kì í ṣe pé dísìkì tẹ iṣan mọ́lẹ̀ nìkan ni. Ohun tó yọ jáde nínú dísìkì máa ń mú kí ibẹ̀ gbóná, kó sì wú, iṣan á wá máa bínú sí ohun tí kò bínú sí tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ẹ gbà dín gbígbóná yẹn kù, ara yín rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà sórí àpótí yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ̀ síwájú láti mú léèsì nílẹ̀, ẹ jókòó sínú danfo nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ MRI yẹn ló dẹ́rù bà yín jù. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé nǹkan ti yọ síta lẹ́yìn rẹ̀, á máa rìn bí ẹni gbé ẹyin. Ẹ gbọ́ èyí. Àwọn onímọ̀ kan kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2015 lórí àwòrán ẹ̀yìn àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá. Láàárín ẹni ogún ọdún, nǹkan bí 30 nínú 100 ni dísìkì wọn ti wú síta. Láàárín ẹni àádọ́ta ọdún, ó tó 60. Láàárín ẹni ọgọ́rin ọdún, 84. Gbogbo àwọn yẹn ń rìn, wọ́n ń ṣiṣẹ́, ara wọn kò sọ nǹkan kan. Mi ò sọ pé irọ́ ni MRI yín pa. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwòrán nìkan kò lè sọ bí ọjọ́ iwájú yín ṣe máa rí. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í gbọ́: ara fúnra rẹ̀ máa ń jẹ ohun tó yọ jáde yẹn díẹ̀díẹ̀. Èyí tó yọ jù lọ, tó dà bíi pé òun ló burú jù lójú àwòrán, òun gan-an ló sábà máa ń rún. Iṣẹ́ wa ni ká jẹ́ kí ara ráyè ṣe é, kí ẹ̀yin náà má baà di aláìlágbára kó tó ṣe é tán.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí dídakùn délẹ̀ yẹn ń ṣe. Awakọ̀ danfo kan wọlé tọ̀ mí wá rí, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí ìdí, ìrora dé gìgísẹ̀. Mo ní kó dakùn délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó kàn sinmi. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo ní kó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì gbé àyà. Lẹ́yìn náà mo ní kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, kó ti àyà sókè, kí ìbàdí má kúrò nílẹ̀, kó mí èémí jáde, kó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó ń ṣe é, mo ń bi í pé, "Níbo ló kù báyìí?" Ó ní gìgísẹ̀ ti lọ, ojúgun ló kù. A tún ṣe é. Ó ní ó ti gòkè sí itan. Kó tó dìde, kò sí nǹkan lẹ́sẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìbàdí wá ń ro ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó rò pé mo ti bà á jẹ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ohun tí mò ń wá nìyẹn."

Alhaja, bí ìrora bá ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ tó ń gòkè lọ sí ìbàdí, kódà kó tilẹ̀ dùn yín sí i ní ìbàdí fún ìgbà díẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ni. Ó túmọ̀ sí pé iṣan ń rí ìtura. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí i, tó ti itan dé ojúgun, tó ti ojúgun dé ẹsẹ̀, ẹ dá a dúró, ẹ sọ fún físíò yín. Robin McKenzie, físíò kan ní New Zealand, ló sọ èyí di ọ̀nà ìtọ́jú. Lọ́dún 1956, aláìsàn rẹ̀ kan ṣèèṣì dakùn dé orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti gbé apá kan rẹ̀ sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ wá tẹ̀ sẹ́yìn. Ìgbà tí McKenzie fi máa dé, ọkùnrin náà ní ẹsẹ̀ òun ti rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lára aláìsàn kọ̀ọ̀kan, apá ibo ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ẹ̀yìn. Ti àwọn mìíràn, pàápàá àwọn àgbàlagbà tí ihò tí iṣan ń gbà ti há, jẹ́ iwájú: bí wọ́n bá jókòó tàbí tí wọ́n tẹ̀ síwájú ni ara wọn ń rọ̀. Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eré tiyín kọ́ ẹni tí ẹ jọ ń tajà. Ó lè pa á lára.

Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ohun tí ẹ lè ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ físíò kí ẹ sì gbàgbé? Wọ́n sábà máa ń ní kí èèyàn ṣe é bí ìgbà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, kó sì padà sí i ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́. Iye tí físíò yín bá wọ̀n fún yín ni kí ẹ mú, bí ẹ ṣe ń mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lásìkò. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí. Wọ́n á ṣe é níwájú wa, wọn ò ní ṣe é nílé, wọ́n á wá padà sọ pé físíò kò ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé kò sí ibi tí èèyàn ti lè dakùn délẹ̀ láàárín ọjà Balógun. Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ dìde, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ìbàdí, ẹ rọra tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ padà dúró gbọingbọin, ẹ tún un ṣe. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, àwọn oníbàárà ò sì ní bínú.

Rírìn tí wọ́n fi kún un náà nídìí. Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ ní tìtorí pé ẹ̀yìn ń dùn ún, ẹran tó yí eegun ẹ̀yìn ká á máa tín-ín-rín, ti ìdí àti ti itan á máa rọ. Kì í pẹ́ tó fi ń bẹ̀rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni. Kò sì dájú pé ẹran ẹ̀yìn á padà lágbára fúnra rẹ̀ nígbà tí ìrora bá lọ. A máa ń fi iṣẹ́ pè é padà. Iṣan ẹsẹ̀ náà ń fẹ́ ìrìn, torí ó máa ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀ láàárín ẹran bí a bá ti ń gbẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá yá, físíò yín á fi kún un: kí ẹ gbé ìdí sókè láti orí ibùsùn, kí ẹ máa dìde jókòó lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan, kí ẹ máa gbé ẹrù tó ń tẹ̀wọ̀n sí i. Bí wọn ò bá fi kún un títí tí oṣù fi parí, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ìrora tó ti lé ní oṣù mẹ́ta tún ní ohun mìíràn nínú. Ẹ mọ àwọn ọkọ̀ tó máa ń ké ní Broad Street, tó jẹ́ pé kí ọmọdé kan fara kàn án báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í han bíi pé olè ti wọ inú rẹ̀. Iṣan tó ti bínú pẹ́ máa ń rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan kékeré tí kò lè ba ara jẹ́, á ké lé e lórí. Bí ẹ bá ń sá fún gbogbo nǹkan tó bá dùn yín díẹ̀, á túbọ̀ máa ké sí nǹkan púpọ̀ sí i. Bí ẹ bá ń ṣe é níwọ̀nba lójoojúmọ́, ara á tún kọ́ pé inú ewu kọ́ ni òun wà. Ìwọ̀n tí mo máa ń fún àwọn aláìsàn mi nìyí: kó dùn yín díẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é kò burú. Kó tó dọ̀la, ó gbọ́dọ̀ ti rọlẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Bó bá di ọjọ́ kejì tó ṣì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ti ṣe é jù, ẹ dín in kù. Ẹ má pa á tì.

Ọ̀rọ̀ bàbá tó ń fa ẹ̀yìn wá kàn. Mi ò tàbùkù àwọn tó ń to eegun, àwọn àgbà ti wò ọ̀pọ̀ èèyàn sàn nílẹ̀ yìí kí ilé ìwòsàn tó dé. Ṣùgbọ́n eegun yín kò yẹ̀, Alhaja. Kò sí ohun tí wọ́n máa tò. Dísìkì tó ya, iṣan tó ń bínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnìkan wá gun orí rẹ̀ tàbí kó fa ẹsẹ̀ yín gbọ̀ngbọ̀n, mo ti rí àwọn tó rìn wọlé lọ síbẹ̀ tí wọ́n gbé jáde. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni ẹ ń fẹ́, kí ẹnìkan fi òróró ra ẹ̀yìn yín jẹ́jẹ́, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Àwa náà máa ń fọwọ́ ṣiṣẹ́. Ó ń mú kí ẹran tó ti le rọ̀, ara á sì tù yín tó láti lè ṣe eré ìdárayá yín. Wákàtí mélòó kan ni ìtura náà sì máa ń gbé.

Ti jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́? Nílùú Èkó, bí ìbàdí bá ti ro èèyàn báyìí, wọ́n á ní ṣúgà ló jẹ jù. Alágbo tó wà lẹ́bàá ọ̀nà á bu ti inú ọtí fún un, tàbí ti inú omidùn ògì fún ẹni tí kì í mu ọtí. Kò sí bí àgbo ṣe lè dé ìdí iṣan tó há. Ohun tó ń kó ìdààmú bá mi ni àpapọ̀ rẹ̀: àgbo láàárọ̀, diclofenac lọ́sàn-án, ibuprofen lálẹ́, tí ẹni náà sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn ìrora irú èyí máa ń gbé ìfúnpá sókè, ó ń dá ọgbẹ́ sínú, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́ bó bá pẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín mọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ki Tramadol bọ̀ yín lọ́wọ́.

Ní ti abẹ́rẹ́ ìdí, ẹ dákun, ẹ má gbà á mọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Inú ìdí yẹn gan-an ni iṣan ńlá tí mo sọ ń gbà kọjá. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí i, ẹsẹ̀ lè wọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A máa ń rí i, pàápàá lára àwọn ọmọdé tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ibà, oṣù gbọọrọ ni a sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Kò sì yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fura pé wọ́n ti ní kí ẹ ra bẹ́líìtì ìbàdí. Ní December 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn dídùn tó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Àwọn ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni ẹ̀kọ́ fún aláìsàn, eré ìdárayá, ìtọ́jú ọkàn, àti fífọwọ́ ra ara. Bẹ́líìtì, fífa ẹ̀yìn, àti ẹ̀rọ ultrasound tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrora, wọ́n ní ká má máa fi ṣe ìtọ́jú gbogbo èèyàn. Nítorí náà bí ẹ bá dé ilé ìtọ́jú kan tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé lé yín lẹ́yìn lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò bi yín léèrè nǹkan kan, tí wọn ò wo bí ẹ ṣe ń rìn, tí wọn ò sì fún yín ní iṣẹ́ láti máa ṣe nílé, ẹ wá ibòmíràn. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ náà máa ń ní ìwé àṣẹ Medical Rehabilitation Therapists Board, ẹ lè ní kó fi hàn yín. Iṣẹ́ yìí kì í sì ṣe àjèjì nílùú yìí. Ilé ìwòsàn Ìgbóbì fúnra rẹ̀, nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n dìídì ṣe é fún, kí wọ́n lè tún máa lo apá àti ẹsẹ̀ wọn. Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní físíò láti 1966.

Ẹ má fi ọjà sílẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kì í yá jù, ọkàn wọn ló ń bàjẹ́ kún un. Ṣùgbọ́n ẹ tún ṣọ́ọ̀bù yín tò. Àpótí kékeré tí ẹ ń jókòó lé yẹn, tí orúnkún ń ga ju ìbàdí lọ, òun ni ọ̀tá yín àkọ́kọ́. Ẹ wá àga tó ní ẹ̀yìn, tí ìbàdí yín á fi ga ju orúnkún lọ díẹ̀. Àwọn léèsì tí ẹ ń tà jù lọ, ẹ kó wọn kúrò nílẹ̀, ẹ gbé wọn sí pẹpẹ tó bá ìbàdí yín dọ́gba, kó jẹ́ pé èyí tí kì í tètè tà ló máa wà nísàlẹ̀. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ tú aṣọ fún òun wò, ẹ dúró tú u lórí tábìlì. Ẹ má jókòó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láìdìde. Ìdì ńlá, ẹ pe alábàárù, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Àmọ́ ẹ má pa gbígbé nǹkan tì pátápátá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú léèsì yáàdì márùn-ún kan ṣoṣo, láti orí tábìlì, ẹ fà á mọ́ ikùn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kó di méjì. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀yìn fi ń tún agbára kó jọ.

Nínú danfo, ẹ ká ìborùn yín tàbí aṣọ kan róbótó, ẹ fi sí kòtò ìbàdí kí ẹ tó fẹ̀yìn ti àga. Bí ọ̀nà bá dí tí ẹ pẹ́ nínú ọkọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ẹ má tíì gbé ẹrù kankan. Ẹ kọ́kọ́ dúró, ẹ tẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbà márùn-ún, kí ẹ tó máa lọ. Dísìkì tó ti fún pọ̀ látorí ìjókòó gígùn kì í fẹ́ kí èèyàn dìde kó tẹ̀ gbé nǹkan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni láàárọ̀ kùtùkùtù: dísìkì máa ń mu omi lóru, á kún, nítorí náà ẹ má tẹ̀ gbálẹ̀ ní kété tí ẹ bá jí.

Mo fi ọ̀rọ̀ ìrun sílẹ̀ títí di ìsinsìnyí torí òun ló jẹ mí lọ́kàn jù nínú lẹ́tà yín. Nígbà tí ẹ bá padà lọ, ẹ sọ fún físíò yín pé ohun tí ẹ ń fẹ́ ni kí ẹ tún lè forí kanlẹ̀. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. A máa ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn pé kí ló fẹ́ padà ṣe, torí òun la fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wa, ju kí èèyàn kàn ní "kí ìrora lọ" lọ. Ìforíkanlẹ̀ máa ń tẹ ẹ̀yìn àti orúnkún, kò yẹ kí ẹ fipá ṣe é nísinsìnyí tí ẹsẹ̀ ṣì ń ta yín, orí àga sì tọ́ fún aláìsàn. Bí ẹsẹ̀ bá ti dákẹ́, físíò á bẹ̀rẹ̀ sí í mú yín padà lọ: kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dúró lórí ìrọ̀rí tó ga, kí ẹ máa rọra fà sẹ́yìn jókòó lé gìgísẹ̀. Bó bá gbà á fún ọjọ́ mélòó kan tí ẹsẹ̀ kò ké, wọ́n á dín ìrọ̀rí kù. Títí tí iwájú orí yín á fi kan ẹní. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan ní àkókò yẹn, ẹ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ tó jáde.

Ó máa pẹ́ tó? Bí ẹ bá ń ṣe é dáadáa, ó yẹ kí ẹ ti rí ìyípadà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: kí ìrora ti gòkè kúrò lójúgun, kí ẹ lè jókòó pẹ́ sí i, kí ẹ sùn dáadáa. Kí àtàǹpàkò tó padà bọ̀ sípò lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣan kì í kánjú. Àwọn ọjọ́ kan á wà tó máa burú láàárín ìyẹn, ẹ má jẹ́ kó dá yín lágara. Bó bá wá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kọjá tí kò sí nǹkan tó yí padà, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ̀wé fún yín, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ nípa ohun tó kù, títí kan iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ abẹ máa ń tètè mú ìrora ẹsẹ̀ lọ ju tiwa lọ. Tó bá di bí ọdún kan sí méjì, àwọn tó ṣe é àti àwọn tí kò ṣe é kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra mọ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sáré bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àyàfi bí ẹsẹ̀ bá ń kú lọ tàbí tí ìtọ̀ bá dí.

Ti ọmọ yín kò gùn. Bí kò bá lè gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rọ́, tàbí tí ẹ tẹ orí eegun ọrùn ẹsẹ̀ tó sì ké, kó lọ ya X-ray kí wọ́n rí i pé kò dá. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó má fi bàńdéjì di í mọ́lẹ̀ fún oṣù kan. Kó fi yìnyín sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bó bá ń dùn ún, kó gbé e sókè bó bá jókòó, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ rìn níwọ̀nba tó lè gbà. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ físíò, bẹ́ẹ̀ ni, torí pé àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń rọ́ ẹsẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Wíwú máa ń lọ, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ á ti gbàgbé bó ṣe ń dúró. Wọ́n á ní kó máa fi ẹsẹ̀ kan dúró, lẹ́yìn náà kó dijú dúró, lẹ́yìn náà kó máa fò. Ọjọ́ tó bá lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti èkejì láìdùn ún, kó padà sí Campos.